Wẹ́ẹ̀jì Bàbá Mi

Mo lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní físíìsì ní ilé ìwé kan ní Ìsọlọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyá mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn onímárúwá tó ń ná ọ̀nà Òkè-Àfá náà kò ṣàì mọ̀. Bàbá mi nìkan ló mọ bí a ṣe ń pa mí lẹ́nu mọ́. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé tí mò ń ké tantan nítorí ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àmúrelé, wọn ò ní bá mi jiyàn. Wọ́n á kàn fi àtẹ́lẹwọ́ gbá apá àga lẹ́ẹ̀kan: gbà! Màá sì dákẹ́, màá lọ wá oúnjẹ jẹ.

Èdè ọkọ̀ ẹrù ni gbà yẹn. Bàbá mi kúrò lábúlé wọn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wá sí Ìsọlọ̀ nígbà tí irùngbọ̀n wọn kò tíì hù dáadáa, wọ́n ṣe mọ́tò-bọ́ì láàárín àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ibẹ̀ kí wọ́n tó wá di awakọ̀ tírélà. Ariwo ẹ́ńjìnnì kì í jẹ́ kí awakọ̀ gbọ́ ohùn mọ́tò-bọ́ì tó wà lẹ́yìn ọkọ̀, nítorí náà ọwọ́ ni mọ́tò-bọ́ì fi ń sọ̀rọ̀. Bó bá gbá ara ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí awakọ̀ dúró. Bó bá gbá a lẹ́ẹ̀mejì, kó máa lọ. Bàbá mi kó èdè náà wọlé wá. Bí ìyá mi bá ń bu ọbẹ̀ fún wọn tó bá ti tó, gbà! Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fẹ́ lọ sí yunifásítì, tí mo gbé báàgì dání tí mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, tí mò ń sunkún bí ìyàwó tuntun, ọ̀rọ̀ ìyànjú kankan ò jáde lẹ́nu wọn. Wọ́n gbá ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì. Mo nu ojú mi, mo lọ.

Kò pẹ́ tí wọ́n fẹ̀yìn tì ni rọpá-rọsẹ̀ dé. Wọ́n jí fún ìrun àsùbáà, wọ́n fẹ́ dìde lọ ṣe àlùwàlá, apá ọ̀tún kọ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún kọ̀. Ohùn náà bá a lọ. Bàbá tí ohùn wọn máa ń ti gééètì dé ẹ̀yìnkùlé, ó wá di pé wọ́n ń wò wá ṣá. Ọwọ́ òsì nìkan ló ṣẹ́kù tó ń gbọ́ tiwọn. Há! Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Ìyá mi ò sunkún. Aṣọ ni wọ́n ń fọ̀, èyí tó dọ̀tí àti èyí tí kò dọ̀tí.

Dókítà tó tọ́jú bàbá mi kìlọ̀ fún wa kí a tó gbé wọn wálé. Ó ní a ò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n máa dùbúlẹ̀ sójú kan. Ó ní ìdùbúlẹ̀ ló ń dá egbò sí ara irú wọn, òun náà ló ń kó kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jọ sí wọn láyà, pé kí a máa gbé wọn jókòó síta, kí wọ́n rí oòrùn, kí wọ́n rí èèyàn. Ó wò mí lójú. "Àǹtí, bí wọ́n bá ń dùbúlẹ̀ báyìí, wọn ò ní pẹ́ lọ́wọ́ yín o." Mo gbọ́ ọ yékéyéké. Ọjọ́ kejì ni mo gba Òṣòdì lọ, mo ra àga onítáyà.

Ilẹ̀ iwájú ilé wa dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti ẹnu bàrándà títí dé etí gọ́tà. Lándílọ́ọ̀dù ló da sìmẹ́ńtì ẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí omi òjò lè ráyè lọ. Ibẹ̀ nìkan ni oòrùn ti ń rí wa, torí ilé ti fún mọ́ra wọn ládùúgbò wa. Èmi àti ìyá mi ti bàbá mi débẹ̀, mo tẹ búrékì àga, mo ní kí n lọ bu omi wá fún wọn. Gbà! Mo yíjú padà. Ojú wọn ti là kalẹ̀, òógùn ti bo iwájú orí wọn, wọ́n ń fi ọwọ́ òsì gbá irin àga náà. Gbà! Wọ́n á dúró díẹ̀. Gbà! A sáré tì wọ́n padà sínú ilé. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, bákan náà. Bí a bá ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn báyìí, gbà!

"Ojú ló ń tì wọ́n," ìyá mi ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ẹni tó ń wa tírélà dé Kánò! Ṣé ó máa wù wọ́n kí àwọn ọmọ àdúgbò máa wò wọ́n nínú ohun tí a ń tì kiri?"

Mo gbà bẹ́ẹ̀. Inú sì ń bí mi, kí n má purọ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́! Ojú wo ló ń tì yín? Ẹ̀yin lẹ ránṣẹ́ pe àìsàn ni? Àbí ẹ fẹ́ kú mọ́ wa lọ́wọ́ ni?" Omi jáde lójú òsì wọn, ó ń ṣàn gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Wọ́n tún gbá irin yẹn lẹ́ẹ̀kan. Mo tì wọ́n wọlé, mo lọ jókòó sí kíṣìnnì, mo sunkún. Nígbà tó yá, egbò yọ sí wọn níbàdí. Ikọ́ sì bẹ̀rẹ̀.

Pòtẹ́ńṣíà ẹ́nájì, ìyẹn agbára ìpamọ́, àti kàìnẹ́tíìkì ẹ́nájì, ìyẹn agbára ìrìn, ló kàn ní kíláàsì wa lásìkò yẹn. Àwọn ọmọ mi ti mọ ìtumọ̀ ẹ̀ sórí bí ọmọ kéú, ṣùgbọ́n kò yé wọn. Mo gbé òkúta sórí tábìlì, mo bi wọ́n pé ṣé òkúta yìí ní agbára. Ọmọbìnrin kan ní, "Máà, òkúta tí ò jẹun láàárọ̀?" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo kọ́kọ́ fajú ro, kí èmi náà tó rẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ẹni tó gbé òkúta nílẹ̀ lo agbára, agbára yẹn kò sì ṣòfò. Ó wọ ara òkúta lọ, ó jókòó jẹ́ẹ́ síbẹ̀. Bí òkúta bá ṣe wúwo tó, tí ibi tó wà sì ga tó, ni agbára ìpamọ́ yẹn ṣe máa pọ̀ tó. Bó bá já bọ́, ìpamọ́ á máa dín, agbára ìrìn á máa pọ̀ sí i, títí á fi kanlẹ̀. Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Máà." Irọ́ ni wọ́n ń pa.

Mo pinnu pé wọ́n á fojú rí i. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá bàbá mi ni wẹ́ẹ̀jì wọn wà, igi ìrókò onígun mẹ́ta tí epo ẹ́ńjìnnì ti sọ di dúdú, irú èyí tí mọ́tò-bọ́ì máa ń fi há táyà kí ọkọ̀ má baà yí lọ. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n mú bọ̀ láti ibi iṣẹ́ nìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ̀yìn tì. Ilẹ̀kùn la fi ń há. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ mú un láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, gbà! láti orí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní, "Bàbá, mò ń mú un padà bọ̀ o. Ẹ má jẹ́ ká fa ọ̀ràn." Mo jù ú sínú báàgì, mo lọ.

Ní kíláàsì, mo gbé pákó kan ní ìdàgẹ̀rẹ́ sórí tábìlì, mo gbé ọkọ̀ ìṣeré tí mo rọ yanrìn kún sókè ẹ̀, mo fi wẹ́ẹ̀jì há a níwájú. Mo ní, "Ọkọ̀ yìí ò rìn. Ṣé ó lágbára?" Wọ́n ní rárá. Mo yọ wẹ́ẹ̀jì. Ọkọ̀ náà yí gbirigbiri, ó já bọ́ sílẹ̀, yanrìn dà, gbogbo wọn pariwo. Mo ní, "Níbo ló ti rí agbára tó fi sáré? Ta ló tì í?" Ọmọbìnrin olókùúta yẹn náà ló nawọ́.

"Ó ti wà lára ẹ̀ látòkè, Máà. Igi yẹn ni ò jẹ́ ká rí i."

Ó yẹ kí n yìn ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀ já mi láyà, torí mo ti gbọ́ irú ẹ̀ rí lẹ́nu bàbá mi. Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ dúró níbi tó ga díẹ̀, wọ́n máa ń sọ pé, "Ọkọ̀ tó dúró ò sinmi o. Wẹ́ẹ̀jì ló ń bẹ̀ ẹ́." A tiẹ̀ máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Bí wọ́n bá wà nínú Márúwá tí onímárúwá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ ra omi, wọ́n á ní kó kọ́kọ́ wá òkúta há táyà ná. Ìyá mi ló sọ ìdí ẹ̀ fún mi. Nígbà tí bàbá mi ṣì jẹ́ mọ́tò-bọ́ì, ọ̀rẹ́ wọn kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sùn sábẹ́ tírélà lọ́sàn-án, nítorí ibòòji. Awakọ̀ ti fa háńbúrékì, ó ti lọ jẹun. Kò sẹ́ni tó há táyà. Bàbá mi lọ bu omi tí àwọn méjèèjì máa mu, ìgbà tí wọ́n fi máa dé, tírélà ti kúrò níbi tó wà. Wọn ò fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ fún mi rí. Wọ́n kàn ń há táyà ni.

Mo dúró níwájú àwọn ọmọ, mo di wẹ́ẹ̀jì mú. Kì í ṣe ojú ló ń ti bàbá mi. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. A gbé wọn sórí táyà níbi tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, a tẹ búrékì tí wọn ò fọkàn tán, a yíjú, a ń lọ. Ẹnu wọn ò sì lè sọ pé kí a mú igi tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wá.

Bí a ṣe jáde níbi iṣẹ́, mo kó sínú Márúwá, mo bá onímárúwá jà títí dé Òkè-Àfá pé kò sáré. Mo gbé wẹ́ẹ̀jì lé bàbá mi lọ́wọ́ òsì. Wọ́n ń fi àtàǹpàkò pa á lára, gbogbo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. A tì wọ́n síta. Mo kúnlẹ̀, mo fi igi náà há táyà níhà gọ́tà, mo dìde, mo fi gìgísẹ̀ tì í kó wọlé dáadáa, bí mo ṣe máa ń rí wọn tí wọ́n ń ṣe é ní kékeré mi. Mo rọra fọwọ́ sílẹ̀, mo rìn kúrò. Mo dé bàrándà. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ọwọ́ bàbá mi wà lórí itan jẹ́ẹ́, èjìká wọn ti wálẹ̀, wọ́n ń wo ọ̀nà. Ìyá mi fi ìborùn bojú, wọ́n bú sẹ́kún, ẹkún àkọ́kọ́ látọjọ́ tí àìsàn náà ti dé.

Láti ìgbà yẹn, ìta ni bàbá mi ń wà nírọ̀lẹ́. Tírélà á kọjá lójú títì, wọ́n á fojú sìn ín títí á fi lọ. Àwọn onímárúwá á ké pé "Bàbá Dẹ́rẹ́bà!", wọ́n á gbé ọwọ́ òsì sókè. Èmi náà á ti ibi iṣẹ́ dé, màá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, màá máa ro ẹjọ́ gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ mí, bó bá ti tó, gbà! Ara mi á wálẹ̀. Mo rò pé a ti borí. Àmọ́ ikọ́ yẹn ò gbọ́ oògùn. Ó ti wọlé jìnnà kí a tó mọ ohun tí bàbá ń bẹ̀ wá fún. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí dòní.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìrun àlàásárì, mo dé, mo bá wọn níbi tí wọ́n máa ń wà, orí wọn tẹ̀ sápá kan díẹ̀. Mo kí wọn, mo bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ mi: irinṣẹ́ kan fọ́ ní láàbù wa, ọ̀gá ní èmi ni mo fọ́ ọ. Mo rò ó, mo rò ó. Mo ti kọjá ibi tó yẹ kí wọ́n ti dá mi dúró. Mo gbóhùn sókè. Mo bú ọ̀gá, mo bú ìyá ọ̀gá, irú ọ̀rọ̀ tí bàbá mi ò lè gbọ́ kí wọ́n má gbá àga. Àwọn aládùúgbò ti ń yọjú. Mo ṣì ń pariwo, mò ń wo ọwọ́ òsì yẹn, mò ń bẹ̀ ẹ́ nínú mi. Ìyá mi jáde wá, wọ́n fọwọ́ kan ọrùn bàbá mi. Wọ́n ní, "Dákẹ́, ọmọ mi. Bàbá ẹ ti lọ."

Mùsùlùmí ni wá, a kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Àwọn ọkùnrin mọ́ṣáláṣí dé kíá. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti fẹ́ wẹ bàbá mi, ọ̀nà ibẹ̀ sì gba ìsàlẹ̀, lẹ́bàá gọ́tà. Ọ̀kan nínú wọn di bàbá mi léjìká mú, òmíràn tú búrékì sílẹ̀, ó ti àga. Kò lọ. Ó tún tì í. "Kí ló há a?" Ó rí igi náà, ó fẹ́ fi ẹsẹ̀ gbá a dànù, ni ìyá mi bá ké mọ́ ọn.

"Ẹ fi sílẹ̀! Ọmọ yìí ló há a. Òun ni kó yọ ọ́."

Mo kúnlẹ̀. Wẹ́ẹ̀jì ti jẹ wọ ara táyà, mo ní láti mì í kó tó jáde. Bó ṣe jáde, àga náà sún síwájú díẹ̀ fúnra ẹ̀, sí ìhà gọ́tà, pẹ̀lú bàbá mi nínú ẹ̀, àwọn ọkùnrin náà sì sáré dì í mú. Tíṣà físíìsì ni mí. Mo mọ ohun tó sún un: ibi tí wọ́n wà ga, ara wọn sì wúwo, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀ mo yára wo ojú bàbá mi. Ó ṣì wà ní pípadé.

Kò sẹ́ni tó ti àga mọ́. Ìyá mi ń wò mí. Mo gbá wẹ́ẹ̀jì mọ́ àyà, mo na àtẹ́lẹwọ́ sí irin àga, níbi tí ọwọ́ òsì wọn ti máa ń gbá a. Mo gbá a lẹ́ẹ̀kan, mo sì dúró síbẹ̀, torí ẹ̀ẹ̀kan yẹn ló wà lọ́kàn mi. Lẹ́yìn náà mo gbá èkejì.