Ẹnu Kan Tí A Rán Lọ sí Aláùsá

Ọdún kejì lẹ́yìn tí àrùn kòrónà sé gbogbo wa mọ́lé ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin ọmọ tó ń ṣe yúníọ̀n lónìí sì ti ń gbọ́ ọ lódì. Wọ́n sọ fún yín pé ìjọba ló já wa kulẹ̀. Ìjọba ò já èmi kulẹ̀ o, nítorí mi ò gbára lé e rí. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ẹni wa ló ṣe wá.

Akọ̀wé yúníọ̀n ni mí nígbà náà ní ilé iṣẹ́ oògùn kan ní Ìkejà. Ìdí ẹ̀rọ tó ń rọ oògùn sínú kápúsù ni mo ti lo ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí à ń rọ sínú kápúsù, òkè òkun ló ti ń wá, èèpo rẹ̀ náà, òkè òkun ni. Nígbà tí kòrónà dé, àwọn tó ń tà á fún wa ní àwọn èèyàn tiwọn làwọn máa kọ́kọ́ tọ́jú. Ẹ̀rọ wa dákẹ́. Mo fojú ara mi rí àwọn ìyá àgbà ní Dópẹ̀mú, tí wọ́n ń ti ilé oògùn kan bọ́ sí òmíràn, tí wọ́n ń wá oògùn tí àwa fúnra wa máa ń ṣe. Ìtìjú bá mi.

Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan wà ní Oko Ọba, níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù, Àlàájì Ràímì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, àgbà láàárín àwọn alápatà. Àlàájì kì í gbé kápúsù mì. Á tú u, á da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sómi, á ju èèpo rẹ̀ nù, nítorí kò mọ ẹran tí wọ́n fi ṣe é, kò sì mọ̀ bóyá wọ́n ṣe bísímíláì kí wọ́n tó dú u. Mo máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé òun ló fẹ́ ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan mo sọ fún un pé egungun màlúù ni wọ́n ń sè di èèpo yẹn.

Ó yíjú sí òkìtì egungun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. "Egungun lásán yìí?"

"Egungun àti awọ ni, Àlàájì."

"Ẹ má fọwọ́ kan awọ o. Pọ̀nmọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n egungun, ẹ wá kó o."

Ibẹ̀ ni ìjà wa ti bẹ̀rẹ̀, pé ká máa ṣe oògùn àti èèpo rẹ̀ níhìn-ín. Ohun méjì la béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀. Èkíní, kí wọ́n dín owó ilẹ̀ àti owó orí kù fún ẹni tó bá ń ṣe oògùn àti ohun èlò oògùn níhìn-ín. Èkejì, kí òfin sọ pé oògùn tí a ṣe níhìn-ín ni ilé ìwòsàn ìjọba gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rà kí wọ́n tó ra ti òkèèrè. Èkejì yìí ni ọkàn ọ̀rọ̀. Olówó kan ní Ọmọ́lé ti ṣèlérí pé ọjọ́ tó bá dòfin lòun máa dá ilé iṣẹ́ tó ń se egungun sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Oko Ọba. Àlàájì gbà mí gbọ́. Ó rọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ títí wọ́n fi ń fọ egungun, tí wọ́n ń sá a lọ́tọ̀. Àwọn tó ń rà á fún oúnjẹ adìyẹ bínú lọ síbòmíràn.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí a lọ sí Aláùsá, níbi tí ìjọba ìpínlẹ̀ fìdí sí, gbogbo wa la ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ká lọ fẹnu kò ká tó padà wá. Inú bí mi. Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, èmi ni mo dá a lábàá pé ẹnu kan la ó máa rán, ẹnu alága wa, tí gbogbo wa ń pè ní Kọ́múréèdì, àti pé ẹnikẹ́ni tó bá gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu tàbí tó sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, a ó yọ ọ́ nípò. Gbogbo ilé nawọ́ sókè. Ta ni ì bá kọ̀? Kọ́múréèdì ti sun àtìmọ́lé nítorí wa rí.

Ọjọ́ pé, a wọ ẹ̀wù yúníọ̀n, a kún ìjókòó lẹ́yìn rẹ̀, Àlàájì sì jókòó tì mí. Kọ́múréèdì sọ̀rọ̀, ó dùn. Nígbà náà ni ọ̀gá ìgbìmọ̀ aṣòfin tó ń gbọ́ wa wí pé, "Alága, gbólóhùn kejì yìí ló ń fa wàhálà. Bí a bá yọ ọ́, ṣé ẹ fara mọ́ ọn?"

Kọ́múréèdì nu ojú. "Bí ìyẹn bá máa jẹ́ kí òfin tètè jáde, a fara mọ́ ọn."

Àlàájì fọwọ́ tọ́ mi. "Ìyá Tómi, ṣé ohun tí a rán an nìyẹn?"

"Ẹ jẹ́ ká dákẹ́ ná, Àlàájì. Bóyá ó ní ohun tó ń rò."

Ọ̀gá ìgbìmọ̀ béèrè bóyá ẹlòmíràn ní ọ̀rọ̀. Ó dúró, ó wo ìlà tiwa, ó tún béèrè. Àwọn èèyàn wa yíjú sí mi, èmi tí mo dá àbá. Mo tẹrí ba. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, ṣùgbọ́n èmi di ojú ara mi nítorí òfin tí mo fọwọ́ ara mi ṣe.

Òfin jáde, a sì jó. Kò pẹ́ ni Kọ́múréèdì di olùdámọ̀ràn ìjọba lórí ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́. Ibẹ̀ ni a ti wá gbọ́ pé àwọn tó ń kó oògùn wọlé ti bá a sọ̀rọ̀ ṣáájú ọjọ́ yẹn. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Mo lọ bá a ní ọ́fíìsì tuntun.

"Ìyá Tómi, bí ìṣèlú ṣe rí nìyẹn," ó wí. "Ẹ gba díẹ̀ lónìí, ẹ gba ìyókù lọ́la."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ gba díẹ̀?"

"Ṣebí ẹ wà níbẹ̀. Wọ́n béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ta ló jiyàn?"

Mo jáde. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí, pàápàá nítorí pé òótọ́ ló sọ.

Olówó Ọmọ́lé fà sẹ́yìn. Egungun tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ ń jẹrà lójò ní Oko Ọba. Ilé iṣẹ́ wa jẹ èrè owó orí tó dín kù fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n tà á. Ibi tí ẹ̀rọ mi wà tẹ́lẹ̀, wọ́n ń to páálí oògùn òkèèrè síbẹ̀ báyìí, díẹ̀ nínú àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́ ló sì ń rù wọ́n. Mo lọ kúnlẹ̀ fún Àlàájì. Mo ní Kọ́múréèdì ló dà wá.

Kò gbé ohùn sókè. "Mi ò mọ Kọ́múréèdì rí, Ìyá Tómi. Ìwọ ni mo mọ̀."

Ohun tí a jèrè kò tán: òfin náà wà lórí ìwé, ibi tí wọ́n ti yọ gbólóhùn kejì ni ẹ ó sì ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tó lọ, ó lọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí n dìde sọ lọ́jọ́ yẹn, mo ṣì jẹ àwọn èèyàn Oko Ọba ní ọ̀rọ̀ náà. Ẹ ti ní kí n bá yín lọ sí Aláùsá lóṣù tó ń bọ̀. Màá wá. Ẹ rán ẹnu kan bó bá wù yín, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá béèrè bóyá ẹlòmíràn ní ọ̀rọ̀, màá dìde, kẹ́ ẹ yọ mí lẹ́gbẹ́. Mo ti bẹ Àlàájì pé kó wá jókòó tì mí. Kò tíì dá mi lóhùn.