Òróró Àdúrà Lójú Omi Ẹja

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tó fún mi ní bàbá onísùúrù. Òórùn òróró àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì lónìí ló gbé mi padà sí pálọ̀ wa ní Bódìjà nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Ẹja òkun tí Dádì ń sìn nínú àpótí gíláàsì ṣàdédé léfòó sójú omi, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Dádì wọn iyọ̀ inú omi náà wò.

"Iyọ̀ rẹ̀ pé." Wọ́n tọwọ́ bọ̀ ọ́, ìka wọn ń dán. "Ta ló da òróró síbí?"

Pásítọ̀ ní ká fòróró yan gbogbo ohun tó ń mí nínú ilé.

"Èmi ni, sà. Ṣé ó máa kú?"

"Mú bébà wá, Wòlíì," Dádì fi mí ṣẹ̀fẹ̀.

A fi bébà fa òróró tó dí afẹ́fẹ́ náà kúrò lójú omi títí ẹja fi wẹ̀ padà sísàlẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé Dádì ti gbóòórùn rẹ̀ lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó béèrè, síbẹ̀ wọn ò bá mi wí.

Kí Ọlọ́run fi irú àánú yẹn bo àṣìṣe ẹ̀yin tó ń kà á.