Ìbọn Tí Ó Dún Ní Òdìkejì Odò

Nígbà tí mo ṣì kúrú ju ìbọn bàbá bàbá mi lọ, ilé wa ló kángun sí igbó ní ìhà ọ̀hún rélùwéè ní Ọ̀fà. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, ẹ má rò pé ibi tí mò ń wí jìnnà. Ibi tí àwọn ọmọ Poli ń háyà yàrá sí báyìí ni. Odò kékeré kan ń ṣàn lẹ́yìn ilé wa, igbó ló sì wà ní òdìkejì rẹ̀. Bàbá bàbá mi ni olórí ọdẹ àdúgbò. Ṣakabùlà ni ìbọn rẹ̀, igi apá ni wọ́n fi gbẹ́ ìdí rẹ̀, ọwọ́ sì ti mú un dán bí ẹ̀yìn ejò.

Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ òfin ìbọn bí ẹlòmíràn ṣe fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo kàn ń béèrè, mo ń tẹ́tí ni. Òfin méjì ló wà lórí ọdẹ nígbà náà. Òfin ìlú ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ yìnbọn láàárín ìlú, ìbáà ṣe nítorí ọdún, ìbáà ṣe nítorí òkú. Òfin igbó ní tirẹ̀ ní ọdẹ kò gbọ́dọ̀ pa ẹran lásìkò òjò, nígbà tí ẹran ń bímọ. Akódà ló ń ṣọ́ ti ìlú, aṣọ́gbó ló ń ṣọ́ ti igbó. Ọdẹ tó bá bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan, èkejì á máa dúró dè é.

Àárín òjò ni bàbá bàbá mi kú. Bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ yìnbọn dágbére fún un. Bí ìbọn kò bá dún, ńṣe ló lọ bí ẹni tí kò pa ẹran rí. Ohun tí bàbá mi fẹ́ kò ju ìyẹn lọ. Àmọ́ aládùúgbò wa kan wà tí a ń pè ní Bàbá Onípáànù, nítorí páànù ìkọ́lé ló ń tà. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ tó kọjú sí odò ló ń kó páànù náà jọ sí. Nígbà ayé bàbá bàbá mi, ó ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ta etí ilẹ̀ wa fún òun, baba ní àwọn kò tà. Ó fi í sínú. Bí a ti sin òkú tán báyìí, kí omijé tó gbẹ, ó mú akódà wá sí iwájú ilé wa.

"Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ yìnbọn," ni ó wí, pákò ń bẹ lẹ́nu rẹ̀. "Èyí tó bá dún, ìjọba ti gbà á nìyẹn o. Baba yín ò ta ilẹ̀ fún mi. Kò burú. Kí wọ́n máa fi ẹnu wọn ṣe 'gbòlà' lọ́run."

Bàbá mi di férémù ilẹ̀kùn mú títí igi fi ké. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, n kò sì gbàgbé ẹ̀rín yẹn títí di òní.

Ìyá mi ló tú kókó náà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Láyé ìgbà náà, wolé-wolé máa ń yẹ ìkòkò omi wò láti ilé dé ilé. Bó bá rí tanwíjí nínú omi rẹ, ó di ẹjọ́. Nítorí náà, bí a bá ti gbọ́ pé ó ń bọ̀, gbogbo obìnrin àdúgbò, títí kan ìyàwó Bàbá Onípáànù, á gbé ìkòkò wọn sọdá odò. Wolé-wolé á dé etí omi, á wo ìkòkò lọ́ọ̀ọ́kán, á sì yí padà. Àṣẹ ìlú parí síbẹ̀.

"Bàbá àwọn ọmọ," ni ìyá mi wí, "ibi tí wolé-wolé ti ń yí padà, akódà ṣe máa kọjá ibẹ̀? Ṣebí ọ̀gá kan náà ló rán àwọn méjèèjì."

"Aṣọ́gbó ńkọ́? Òjò là wà yìí."

"Ṣé ẹran lẹ fẹ́ pa ni?"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí baba ti kú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a sọdá odò pẹ̀lú àwọn ọdẹ. Ẹ̀tù lásán ni wọ́n kì, ọta kankan kò sí níbẹ̀. Wọ́n tò sí etí omi ní ọ̀kánkán ẹ̀yìnkùlé Bàbá Onípáànù, wọ́n na ẹnu ìbọn sókè, wọ́n sì yìn ín.

Ṣé ẹ ti gbọ́ bí páànù tí a kó jọ ṣe ń ké bí ìbọn bá dún nítòsí rẹ̀? Ó ń gbọ̀n, ó ń ké wọnranwọnran bí agogo iléèwé tó ya wèrè. Ewúrẹ́ rẹ̀ já okùn. Adìẹ rẹ̀ gun òrùlé. Òun fúnra rẹ̀ sáré jáde, ó ń fọwọ́ kan di ṣòkòtò mú, akódà tó ní kó dúró ṣọ́ wa ń tẹ̀lé e.

"Ẹ mú wọn! Àbí ẹ ò rí wọn ni?"

"Alhaji, mo rí wọn," ni akódà wí. Ó ti dúró gbagidi létí omi. "Ẹsẹ̀ mi ni kò gùn tó odò yìí."

Ìró ìbọn ti gbé aṣọ́gbó náà dé láti inú igbó. Ó yẹ àpò àwọn ọdẹ wò, ó yẹ ilẹ̀ wò. "Ẹran dà? Ọta dà?"

"A ò pa nǹkan kan," ni bàbá mi dáhùn, "àfi bí ìtìjú bá pa ẹnì kan lọ́hùn-ún."

Aṣọ́gbó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹran ni òfin tèmi ń gbà sílẹ̀. Kò gba páànù sílẹ̀."

Àwọn ọdẹ tún ìbọn kì. Wọ́n yìn ín títí ẹ̀tù fi tán, baba sì lọ bí ọdẹ.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Odò yẹn ti di gọ́tà. Kò sí wolé-wolé, kò sí akódà. Ọlọ́pàá ló ń fúnni níwèé ìbọn, ilé sì ti bo igbó mọ́lẹ̀, àfi pápá díẹ̀díẹ̀ láàárín ilé sí ilé. Bàbá Onípáànù ti kú tipẹ́. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ rẹ̀ wá kí mi. Ó gbin ẹ̀gẹ́ sí òdìkejì gọ́tà.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀yà fẹ́ jẹ ẹ̀gẹ́ mi tán. Mo gbọ́ pé ìbọn baba ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ sì ní ìwé rẹ̀. Ẹ bá mi yìn ín lẹ́ẹ̀kan péré."

Mo fún un ní omi tútù. Mo ṣàlàyé òfin fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò kánjú rárá.

"Àbúrò," ni mo wí, "igbó ni ibẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀. Ìlú ti sọdá odò báyìí. Òfin tí bàbá yín fẹ́ràn náà ti bá a sọdá."

Ó mu omi rẹ̀, ó lọ. Bí mo bá jí kírun ní ìdájí, mo máa ń gbọ́ eyín ọ̀yà nínú ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Ó ń dùn létí mi bí ìbọn ọjọ́ náà.