Ìlà Yàrá Kẹta

Ìyá Òtútù ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè é, torí ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń tọ́jú yàrá òtútù mẹ́ta tí wọ́n ń kó oògùn sí, tó sì ń fọwọ́ kọ ìwọ̀n òtútù wọn sílẹ̀ lójoojúmọ́. Bó bá fẹ́ mọ nǹkan kan nínú àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́, àfi kó kọ ìwé sí àwọn oníkọ̀ǹpútà lókè, kó wá máa retí bí ẹni ń retí òjò nínú ọ̀gbẹlẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kan, ọ̀gá ní òun máa lé awakọ̀ àgbà, pé oògùn ń bàjẹ́ nínú ọkọ̀ rẹ̀. Inú bí Ìyá Òtútù. Ẹni tó ń bọ́ ẹ̀wù ara rẹ̀ bo páálí oògùn tóòrùn bá mú? Irọ́ ńlá!

Àsìkò yẹn náà ni wọ́n gbé ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n tuntun dé, tí ọmọbìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ láti òkè wá kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe máa lò ó.

"Ẹ bi í bí ẹ ṣe máa bi èèyàn, mà."

"Ṣé á gbọ́ tèmi?"

"Á gbọ́ dáadáa."

Ìyá Òtútù fi ìka kan tẹ̀ ẹ́: oògùn inú ọkọ̀ ta ló ń bàjẹ́ jù? Ẹ̀rọ ya àwòrán, ọ̀pá kan fún awakọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pá awakọ̀ àgbà ló ga jù.

"Ó tì o! Òun ló ń gbé ẹrù jù, ṣé tirẹ̀ kọ́ ló máa bàjẹ́ jù ni?"

Ó tún bi í: yàrá wo ni wọ́n ti kó èyí tó bàjẹ́ jáde? Yàrá kẹta. Ó ní kó ya òtútù yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fóun láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Ìlà méjì ń lọ sókè sísàlẹ̀. Ìkẹta, ti yàrá kẹta, tọ́ gbọọrọ: mẹ́rin, mẹ́rin, mẹ́rin, lójoojúmọ́.

"Ṣebí èyí ló dára jù, mà?" ni ọmọbìnrin náà bi í.

Òtútù gidi kì í dúró sójú kan bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí orúnkún ti ń dun Ìyá Òtútù ni kò ti rìn dé yàrá kẹta mọ́, òun ló sì jìnnà jù. Ohun tó kọ lánàá ló ń dà kọ lónìí. Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ gbóná. Ó lè dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n kí awakọ̀ ọlọ́mọ mẹ́rin máa ru ẹ̀bi ẹlẹ́bi? Èèwọ̀!

"Bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí bébà."

Ó gun àtẹ̀gùn lọ sókè, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Awakọ̀ dúró níwájú tábìlì ọ̀gá. Ìwé gbélé-ẹ wà lórí rẹ̀, ó ku kí ọ̀gá fọwọ́ sí i. Ìyá Òtútù gbé bébà tirẹ̀ lé e lórí.

"Ọ̀gá, ẹ pa orúkọ tó wà níbẹ̀ rẹ́. Tèmi ni kẹ́ ẹ kọ sí i."