Àgbàdo Tí A Ṣà Sọ́tọ̀ fún Ẹṣin

Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló ń kọ èyí sílẹ̀. Èmi ò kàwé, mi ò sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní kí n sọ nǹkan kan nípa ìgbà tí Warri dàrú, torí wọn ò tíì bí i nígbà náà. Mo ní kò sí nǹkan tí mo fẹ́ sọ nípa ìjà yẹn. Àwọn tó jà á mọ ohun tí wọ́n torí ẹ̀ jà. Ṣùgbọ́n ẹṣin kan wà tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò tíì yé mi tán títí dòní. Ìyẹn ni mo máa sọ.

Ó bi mí pé, “Grandpa, horse for Warri?” Bẹ́ẹ̀ ni, ẹṣin ní Warri. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo mọ̀ ládùúgbò wa. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ni ín, ará òkè Ọya, Málámù là ń pè é. Mọ́sálásí kan náà là ń lọ, ibẹ̀ la ti mọra. Ẹ̀yìn mọ́sálásí yẹn ló ń gbé, òun nìkan, ó fi páànù kan ilé fún ẹṣin náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá ẹ̀. Ẹṣin pupa ni, ó funfun díẹ̀ níwájú orí. Tó bá di ọjọ́ Iléyá tàbí ọjọ́ Kérésì, á wọ̀ ọ́ láṣọ, á so ṣaworo mọ́ ọn lọ́rùn, àwọn èèyàn á máa gùn ún ya fọ́tò. Ohun tó fi ń jẹun nìyẹn. Kò níyàwó, kò bímọ. Tó bá ń bá ẹṣin yẹn sọ̀rọ̀ láàárọ̀, ẹ máa rò pé ó lálejò ni.

Èmi, àgbàdo ni mò ń tà. Ìjẹ̀bú ni mo ti wá, ó ti pẹ́, mi ò rántí ọdún ẹ̀ mọ́. Lọ́rì á já àgbàdo fún mi, màá kó o sí sítọ́ọ̀. Ìyàwó mi ń ṣe ògì tà nínú ilé. Láràárọ̀ tó bá ti sẹ́ ògì tán, èérí tó ṣẹ́kù, èmi ni mo máa ń gbé e lọ fún ẹṣin Málámù nínú báàfù. Ẹṣin yẹn mọ ìrìn mi. Tí n bá ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà báyìí, á ti máa fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀. Málámù á ní, “Baba, ẹ̀yin lẹ bí i, èmi kàn ń bá yín tọ́ ọ ni.”

Ìjà wá dé. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀yà kankan, gbogbo wọn ló ń ra àgbàdo lọ́wọ́ mi. Ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún lápá Ogbe-Ijoh, ilé ń jó, la bá kó lọ sí Orhuwhorun, ọ̀dọ̀ ẹnì kan tí ìyàwó mi mọ̀ lọ́jà. A lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀. Málámù ò lọ. Ó ní òun ò lè fa ẹṣin gba àárín àwọn tó ń yìnbọn, òun ò sì lè fi í sílẹ̀.

Ìgbà tá a padà dé, sítọ́ọ̀ mi ò jó. Mo dúpẹ́. Mo ṣílẹ̀kùn báyìí, òórùn ló kọ́kọ́ pàdé mi. Ọta ìbọn ti lu páànù òrùlé, ihò mẹ́ta, òjò sì ti gba ibẹ̀ rọ̀ sórí àgbàdo. Mo tọwọ́ bọ inú àpò kan, ó gbóná. Ó ti bu. Òmíràn hu nǹkan funfun bí òwú, òmíràn pupa rúsúrúsú, òmíràn dúdú lójú. Kò sì sí ibi tá a ti lè rí tuntun rà. Lọ́rì ò wọ̀lú, ṣọ́jà wà lójú ọ̀nà, kọ́fíù wà.

Nílé tí wọ́n ti bí mi, wọn kì í da àgbàdo nù. Ohun tí ìyá mi máa ń ṣe náà la ṣe. A tẹ́ ẹní, èmi àti ìyàwó mi jókòó tì í, a ń ṣà á ní hóró hóró. Èyí tó mọ́, ti ògì nìyẹn. Èyí tó bu, a kó o sọ́tọ̀. A fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, a sá a sóòrùn títí tó fi ń dún bí òkúta wẹ́wẹ́, òórùn yẹn sì lọ. A gbé e lọ sílé ẹ̀rọ, wọ́n lọ̀ ọ́, a pò ó mọ́ èérí. Ti ẹran nìyẹn. Ìyàwó mi bi mí pé ṣé ẹṣin lè jẹ ẹ́. Mo ní ìyá mi fi bọ́ ewúrẹ́, ó fi bọ́ adìẹ, ẹran ṣá ni gbogbo wọn.

Inú Málámù dùn sí i. Apá Otor-Udu ló ti máa ń lọ gé koríko tẹ́lẹ̀, kò lè débẹ̀ mọ́. Gbogbo oúnjẹ ẹṣin yẹn wá di èyí tí mò ń gbé lọ. Ó tó oṣù kan tí mo fi ń gbé e. Ẹṣin náà ń jẹ ẹ́, á tún lá ìdí báàfù.

Lọ́jọ́ kan mo débẹ̀, kò wa ilẹ̀. Ó kàn dúró. Ètè ẹ̀ ìsàlẹ̀ rọ̀ wálẹ̀. Mo gbé báàfù síwájú ẹ̀, ó fẹnu kàn án, oúnjẹ ń jábọ́ lẹ́nu ẹ̀. Málámù ní láti àná ló ti rí bẹ́ẹ̀. Mo ní ebi ni, oúnjẹ ò tó o. Mo padà sílé, mo bù sí i, mo tún gbé e wá. Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ yẹn? Mo fi kún un. Málámù ń fi ọwọ́ ara ẹ̀ kó o sí i lẹ́nu.

Lọ́jọ́ kejì, ó ń rìn yípo. Ọwọ́ òsì ló ń yí sí ṣáá, bí ẹni pé wọ́n so ó mọ́ òpó, bẹ́ẹ̀ kò sí okùn lọ́rùn ẹ̀. Ó rìn lu korobá omi ẹ̀, kò rí i. Tó bá yí i tó rẹ̀ ẹ́, á lọ fi iwájú orí ti ògiri mọ́sálásí, á máa tì í bí ẹni tó fẹ́ wó o. Mi ò rí irú ẹ̀ rí.

Àwọn èèyàn ń wá wò ó. Kálukú ló ní tiẹ̀ láti sọ. Ẹnì kan ní ìró ìbọn ló wọ̀ ọ́ lórí. Ẹnì kan ní tajútajú táwọn ṣọ́jà yìn ló ba ojú ẹ̀ jẹ́. Ẹlòmíì ní wọ́n ti da nǹkan sómi ẹ̀. Ìyá kan tó ń ta kẹrosíìnì ládùúgbò ní, “Man sef dey craze for dis Warri, na horse you dey ask.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Málámù ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà dàrú mọ́ mi lójú. Mo gba ti ẹni àkọ́kọ́ gbọ́, nígbà tí ẹnì kejì sọ tiẹ̀, mo gba ìyẹn náà gbọ́. Ara tèmi gan-an ò tíì balẹ̀ nígbà yẹn. Tí wọ́n bá gbá ilẹ̀kùn pa, màá ta gìrì. Mo ní bóyá bó ṣe ń ṣe mí náà ló ń ṣe ẹṣin.

Málámù rí ọkùnrin kan mú wá, dókítà ẹran tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹsẹ̀ ló fi rìn wá, ọ̀kadà ò gba ọ̀nà yẹn. Ó ju ọwọ́ níwájú ojú ẹṣin, ẹṣin ò ṣẹ́jú. Ó bi Málámù pé kí ló ń jẹ. Málámù nawọ́ sí mi, ó ní bàbá yìí ló ń bọ́ ọ. Dókítà yíjú sí mi, ó bi mí bóyá mo yí oúnjẹ ẹ̀ padà.

Mo ní, “No, doctor. Na de same corn.”

Ṣé irọ́ ni? Sítọ́ọ̀ kan náà, àpò kan náà, báàfù kan náà. Ó gún un lábẹ́rẹ́ ibà, ó ní òun máa padà wá lọ́la.

Mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi. Ó ń sẹ́ ògì lọ́wọ́. Ó dúró.

Ó ní, “Bàbá àwọn ọmọ, èyí tá a ṣà sọ́tọ̀ yẹn ńkọ́?”

Mo ní ṣebí a ti fọ̀ ọ́, ó ti mọ́.

“Tó bá mọ́, kí ló dé tá ò jẹ ẹ́?”

Mo lọ ṣí àpò èyí tó kù wò.

Ilẹ̀ mọ́, mo di ẹ̀kúnwọ́ kan sínú aṣọ, mo gbé e fún dókítà. Ó gbóòórùn ẹ̀, kò rùn. Ó ní kí n sọ bá a ṣe ṣe é, mo sọ gbogbo ẹ̀. Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. Ó ní tí àgbàdo bá ti bu báyẹn, májèlé máa ń wọ inú hóró ẹ̀. Omi ò lè fọ̀ ọ́, oòrùn ò lè pa á, ẹ̀rọ ò lè lọ̀ ọ́ kúrò. Ewúrẹ́ lè fara dà á díẹ̀, adìẹ náà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ti ẹṣin yàtọ̀, inú ọpọlọ ẹ̀ ló ń lọ, á máa jẹ ẹ́. Ó ní ṣíṣà tá a ṣà á yẹn gan-an ló burú jù, torí gbogbo èyí tó ní májèlé la kó jọ síbì kan tá a gbé fún un. Mo bi í pé abẹ́rẹ́ wo ló wà fún un. Ó ní kò sí. Ó ní ká ṣáà má fún un mọ́.

Kí wọ́n tó kírun ọ̀sán, ẹṣin ti wà nílẹ̀. Ó dùbúlẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sáré. Ìrọ̀lẹ́ ò tíì lẹ́ tó fi kú.

Mo lọ bá Málámù níbi tó jókòó sí, ìjánu wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ní, “Málámù, èmi ni.”

Ó ní, “Baba, ẹ̀yin lẹ gbé oúnjẹ wá nígbà tí ẹnì kankan ò gbé e wá.”

Mi ò mọ̀ bóyá ó fi dárí jì mí ni, àbí ohun tó ṣẹlẹ̀ ló kàn ń sọ. Ní Jímọ̀, ẹ̀gbẹ́ mi náà ló dúró sí lórí ìlà, èjìká kan èjìká bá a ṣe máa ń ṣe. Kò wo ojú mi. Nígbà tí ọ̀nà là, ó padà sílùú ẹ̀. Lailọ́ọ̀nù kan ló gbé dání, mo gbọ́ tí ṣaworo ń dún nínú ẹ̀.

Èyí tó kù nílé, mo gbẹ́ ihò, mo dà á sí i, mo wọ́n kẹrosíìnì sí i, mo ṣáná sí i. Àwọn ewúrẹ́ ń bọ̀, mò ń sọ wọ́n lókùúta. Ẹnì kan tó ń kọjá ní ṣé orí mi ti yí ni, tí mò ń dáná sun àgbàdo láàárín ebi. Mo tún ju òkúta sí ewúrẹ́ kan.

Ọmọ tó ń kọ̀wé yìí ti dúró báyìí. Ó ní, “Grandpa, that time wey doctor ask you, you know abi you no know?” Mo ní mi ò mọ̀. Àgbàdo kan náà ni lójú mi. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí mi ò sọ fún ìyá ẹ̀ àgbà títí ó fi kú. Nígbà tí dókítà yẹn yíjú sí mi, báàfù wà lọ́wọ́ mi, oúnjẹ ṣì wà nínú ẹ̀. Mo gbé e sẹ́yìn mi.

Kí ló dé tí mo fi gbé e sẹ́yìn? Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Mi ò mọ̀.