Ọ̀dà Tó Bó ní Yàrá Màmá Tíṣà

Kò sí ẹni tó ń fi orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ pe akunlé yìí. Kíámọ́sá ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí. Bí ẹ bá gbé yàrá lé e lọ́wọ́ láàárọ̀, kí oòrùn tó wọ̀, ó ti ń fọ búrọ́ọ̀ṣì. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn nínú títí di ọdún tó kun yàrá Màmá Tíṣà.

Màmá Tíṣà ló kọ́ ọ ní ìwé kíkà nígbà tí àwọn olùkọ́ yòókù ti pa á tì. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, òun nìkan ló sì ń gbé inú ilé àtijọ́ kan tí ọ̀dà ara ògiri rẹ̀ ń ṣí bí ìpẹ́ ẹja. Balùwẹ̀ ló wà lẹ́yìn ògiri yàrá rẹ̀. Páìpù ibẹ̀ ń jò, omi sì ń rin ògiri náà láti inú wá.

Kíámọ́sá fọwọ́ kàn án, ó sì mọ ohun tó yẹ: kí wọ́n tún páìpù ṣe, kí òun ha ọ̀dà àtijọ́ títí dé orí sìmẹ́ńtì, kí ògiri sì gbẹ dáadáa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá kan ń dúró dè é níbòmíràn. Ó ha ibi tí ojú lè tètè tó, ó sì fi ọ̀dà tuntun bo ìyókù mọ́lẹ̀.

"Ṣé o ha á délẹ̀, ọmọ mi?" Màmá Tíṣà bi í.

"Mo ha á délẹ̀, Mà." Kò wojú obìnrin náà.

Ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, nọ́ọ̀sì kan tó fẹ́ kun ilé rẹ̀ ní kí ó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ han òun. Kíámọ́sá kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó mú un lọ sílé Màmá Tíṣà.

Ìyá náà kí wọn tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí wọ́n kọjá pálọ̀. "Mi ò tíì tẹ́ bẹ́ẹ̀dì," ó wí.

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Ọjọ́ wo lojú mi ò rí bẹ́ẹ̀dì, Mà?"

Wọ́n wọlé. Màmá Tíṣà ti ta aṣọ ńlá kan bo ara ògiri náà. Kíá ló lọ fẹ̀yìn tì í.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ faṣọ bo ọ̀dà tuntun?" nọ́ọ̀sì bi í.

"Oòrùn ni. Mi ò fẹ́ kó pa á láwọ̀."

Oòrùn kì í dé ẹ̀gbẹ́ yẹn rárá. Ara Kíámọ́sá bù máṣọ. Obìnrin tó máa ń na ọmọ kíláàsì nítorí irọ́ ló ń purọ́ yìí, nítorí tirẹ̀. Bí ó ti ń wò ó, èèpo ọ̀dà kan yọ́ bọ́ látòkè, ó bà lé irun funfun ìyá náà.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò níbẹ̀," ó wí. Ó ká aṣọ náà sókè. Ọ̀dà ti wú, ó ti ya, ó sì ń fì. Ó yíjú sí nọ́ọ̀sì. "Mi ò ha á délẹ̀. Irọ́ ni mo pa fún wọn."

Nọ́ọ̀sì wo ògiri, ó wo Kíámọ́sá náà. "Ó dáa, mo ti rí i." Ó dágbére fún Màmá Tíṣà, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

"Látìgbà wo lẹ ti mọ̀, Mà?"

"Ọ̀sẹ̀ kejì." Màmá Tíṣà gbọn irun rẹ̀. "Mo rò pé wàá padà wá wò ó."

Ì bá sàn kí ó nà án. Ilẹ̀ kò lanu gbé Kíámọ́sá mì, ó wà níbẹ̀ tó ń ka ìka ọwọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó mú ẹni tó ń tún páìpù ṣe wá. Ó ha ògiri náà fún ọjọ́ mẹ́rin, àwọ̀ mẹ́ta ló jáde kó tó kan sìmẹ́ńtì. Ó fi sáńpépà họ ọ́, ó fọ̀ ọ́, ó sì dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì kó gbẹ. Ní gbogbo ìgbà yẹn, orí mátírẹ́ẹ̀sì nílẹ̀ẹ́lẹ̀ pálọ̀ ni ìyá náà ń sùn. Nígbàkígbà tí Kíámọ́sá bá fẹsẹ̀ kọ mátírẹ́ẹ̀sì náà, ojú á tún tì í.

Nígbà tó kùn ún tán, Màmá Tíṣà fi èékánná ha ibẹ̀ wò. Ọ̀dà náà dúró. "Ó dáa," ó wí, ó sì lọ gbé omi wá fún un.

Akunlé mìíràn ló kun ilé nọ́ọ̀sì. Títí dòní, bí Kíámọ́sá bá rí aṣọ funfun nọ́ọ̀sì náà lọ́ọ̀ọ́kán, ó máa ń yà gba ọ̀nà mìíràn.