Ọkọ̀ Àbúrò Bàbá Wa

Nígbà tí bàbá wa kú, àbúrò rẹ̀ ló gba àwa àti ìyá wa sọ́dọ̀ ní Olówógbowó. Òun náà ló fi èmi àti ẹ̀gbọ́n mi sẹ́nu iṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ tó ń kó ẹrù lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì, èmi ń kó ẹrù, ọkùnrin Ìlàjẹ kan ló ń tukọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ fún àbúrò bàbá wa pé pákó ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà ti ń jẹrà. Èsì tí bàbá náà fún un ni pé kí a fi ọ̀dà kùn ún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí a kó sìmẹ́ǹtì, ìdí ọkọ̀ kọlu kùkùté kan nínú ọ̀sà. Pákó náà là, omi ń tú wọlé. Atukọ̀ yí orí ọkọ̀ padà sí Èkó. Mo ń fi korobá gbọ́n omi, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń ga sí i. Ẹ̀gbọ́n mi ki àpò òfìfo bọ ojú ibi tó là, omi tì wọ́n jáde. Ló bá sọ̀ kalẹ̀ sínú omi náà, ó fi ẹ̀yìn ti àwọn àpò náà mọ́ pákó, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ igi òdìkejì. Ó ní kí n máa da sìmẹ́ǹtì sómi. Mo dà á títí apá mi fi kú. Nígbàkigbà tí mo bá bojú wo ìsàlẹ̀, orí rẹ̀ nìkan ni mo ń rí. Ó ń gbọ̀n fún òtútù.

Gbígbé ni a gbé e jáde nígbà tí a dé èbúté. Àbúrò bàbá wa wo inú ọkọ̀, ó wo ẹ̀gbọ́n mi níbi tó ká kò sí.

“Ta ló ní kí ẹ da sìmẹ́ǹtì mi nù?”

“Èmi ni, Bàbá. Ẹ má bínú,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Nígbà tó di Jímọ̀, ó ṣe sàráà, ó pe àwọn ààfáà pé kí wọ́n bá òun dúpẹ́ pé ọkọ̀ òun kò rì. Ẹ̀gbọ́n mi ń gbọ́ ohùn wọn láti orí ẹní. Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò nà mọ́ láti ọjọ́ náà, kó sì tó lè jókòó dáadáa, wọ́n ti fi ẹlòmíràn sídìí ẹ́ńjìnnì.

Nígbà tí wọ́n tún ọkọ̀ ṣe tán, àbúrò bàbá wa ní kí n padà wá. Mo ní n kò wá mọ́. Ìyá wa bẹ̀ mí, ó ní abẹ́ òrùlé ọkùnrin náà la ṣì wà. Mo lọ ń kó ẹrù ní gáréèjì Obalende.

Láràárọ̀, kí n tó jáde, mo máa ń dọ̀bálẹ̀ kí àbúrò bàbá wa. Á bi mí nípa iṣẹ́. Kò béèrè ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ mi rí, bẹ́ẹ̀ yàrá wọn kọjú síra.